Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí lórí owó oṣù àti iyì

Olùkọ́ girama ìjọba:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ṣọ́ọ̀kì ti fún yín lóúnjẹ rí. Tí wọ́n bá ti ń sọ pé olùkọ́ kò níyì mọ́, ẹlòmíràn á ní àwọn ọmọ ayé òde òní ni kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹlòmíràn á ní àwa olùkọ́ la ba ara wa jẹ́. Èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé gbèsè ló ń gba iyì lọ́wọ́ olùkọ́, owó oṣù tí kò pé, tí kò sì dé lásìkò, ló ń bí gbèsè náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ìlú kékeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò sí bí olùkọ́ ṣe lè rajà tí kò ní rà á lọ́wọ́ òbí ọmọ. Ìyá tó ń ta gàrí fún mi ní ọmọ ní JS 2. Ẹni tó ń tún ọ̀kadà mi ṣe ní ọmọ ní SS 1. Onílé mi, ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní kíláàsì. Nígbà tí owó ń wọlé, oore ńlá nìyẹn jẹ́, torí gbogbo ìlú ló mọ̀ mí, tí mo bá dé ìdí ọjà, wọ́n á bù kọjá òṣùwọ̀n fún mi.

Ní 2015, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì rí owó òṣìṣẹ́ san mọ́, títí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti dìde sí ọ̀rọ̀ wọn lọ́dún náà. Ìpínlẹ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ wà lára wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn ò san rárá. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ìjọba rí á rò pé ẹni tó ń gba ààbọ̀, ààbọ̀ náà ló ń mú délé. Rárá o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a ti yá owó lọ́wọ́ wọn kò yọ ààbọ̀. Odidi ni wọ́n ń yọ, torí àdéhùn tí a ti ṣe nígbà tí owó ṣì pé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Báńkì náà ń yọ tiwọn. Oṣù kan wà tí ohun tó ṣẹ́ kù fún mi kò lè ra àpò gàrí kan.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rajà láwìn nìyẹn. Ìyá oní-gàrí kò kọ́kọ́ bínú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀, ìjọba ló ṣe é, ẹ ó san án." Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n owó òwò tirẹ̀ náà kò pọ̀, oṣù sì ń gorí oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọmọ rẹ̀ wọ kíláàsì, kò tíì jókòó tó fi wá síwájú tábìlì mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Màámi ní kí n gba owó gàrí lọ́wọ́ yín." Kò rí mi fín o. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó síwájú gbọ́, nígbà tó fi máa di àkókò ìsinmi ọ̀sán, gbogbo JS 2 ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ bí mo ṣe máa bá ọmọ yẹn lò mọ́. Tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí mo bá a wí, wọ́n á ní owó tí ìyá rẹ̀ béèrè ló ń dùn mí. Tí mo bá fún un ní máàkì tó tọ́ sí i, wọ́n á ní mo ń fi máàkì san gbèsè. Tí mo bá fi í sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á rí i pé òfin mi kò mú ọmọ ẹni tí mo jẹ lówó. Ẹ wo ibi tí iyì ti ń jò lọ. Kò sí àfojúdi kankan níbẹ̀. Mo san owó náà tán nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti ń sún mọ́ ìparí girama kí n tó lè pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì bí mo ṣe ń pe ti àwọn yòókù.

Ọkùnrin kan tí a jọ wà níbẹ̀ ń gun ọ̀kadà lẹ́yìn ilé-ìwé ní ìlú kejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣáà dá a dúró. Kí ọmọ náà tó mọ̀ pé olùkọ́ òun ni, ó ti ń dúnàádúrà lórí owó ọkọ̀. Àwọn obìnrin inú wa sọ yàrá àwọn olùkọ́ di ìsọ̀: aṣọ, èlùbọ́, bàtà ọmọdé. Àwọn tó ń wá bẹ ilé-ìwé wò bínú sí wọn gan-an. Èmi ò lè bínú sí wọn, torí mo mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀.

N kò tíì sọ ti iye ọmọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ kíláàsì girama má ju 40 lọ fún olùkọ́ kan. Ní JS 1 mi, wọ́n ti lé ní 70. Ẹni tó bá ní ìrírí èyí ju tèmi lọ, kó wá sọ ọ́.


Olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni, Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfaradà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, gbèsè nìkan kọ́ ló ń gba iyì lọ́wọ́ wa. Ẹni tó gbà wá síṣẹ́ gan-an ló ń kọ́kọ́ gbà á, kí òbí tó gbà á.

NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ni mo ní. Ilé-ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, 18,000 náírà ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Tí mo bá pẹ́ dé, wọ́n á yọ nínú rẹ̀. Tí ọmọ bá fọ́ gíláàsì fèrèsé, wọ́n á yọ nínú rẹ̀. Ìsinmi táàmù kẹta, kò sí owó, torí "ẹ ò ṣiṣẹ́". Ojúlówó ìwé-ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kò ní fún mi àfi tí mo bá fi táàmù kan kìlọ̀ pé mò ń lọ. Ní àsìkò yẹn, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí owó ilé-ìwé rẹ̀ fún táàmù kan ju ohun tí mò ń gbà ní oṣù mẹ́ta lọ, èmi ni mo sì ń nu ìdí fún un.

Nígbà tí wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní oṣù keje 2024, a lọ bá ọ̀gá wa. Ó fèsì pé òfin náà kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Òótọ́ ló sọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú òfin. Ẹ wá rò ó wò: nínú àwọn ilé-ìwé tó wà ní àdúgbò yín, èwo ló ní òṣìṣẹ́ 25? Àwọn olùkọ́ tí owó wọn kéré jù lọ gan-an ni òfin náà fò dá. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé èyí dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì yẹ kí wọ́n gbé e dìde.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ti òbí kan tó wá láàárọ̀, tó ní mo fìyà jẹ ọmọ òun. Mi ò fọwọ́ kan ọmọ náà. Mo kàn ní kó dá pẹ́ńsù tó mú nínú báàgì ọmọ ẹlòmíràn padà ni. Obìnrin náà ń pariwo, ó ní òun ń kó ọmọ òun lọ. Bí ọ̀gá wa ṣe gbọ́ "ń kó ọmọ lọ", kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ màdáámù. Mo kúnlẹ̀, ojú fèrèsé kíláàsì mi ni, àwọn ọmọ sì ń wò mí. Nígbà tí mo padà wọlé, ọmọ tó mú pẹ́ńsù jókòó, pẹ́ńsù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti kúrò níbẹ̀. Kíkọ́ ọmọ ní ilé wọn, lẹ́sìn ilé sí ilé, ni mo gbájú mọ́ báyìí. Ohun kan wá yà mí lẹ́nu. Òbí kan tí kì í dáhùn ìkíni mi ní ẹnu géètì ilé-ìwé wà lára àwọn tí mò ń kọ́ ọmọ wọn nílé. Ní ilé rẹ̀, ó ń pè mí ní "Àǹtí wa", ó ń gbé omi tútù fún mi, tí mo bá sì ní kí ọmọ tún iṣẹ́ ṣe, ó ń dúró tì mí. Èmi kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka owó lé mi lọ́wọ́ báyìí, kò sì sí ọ̀gá kankan láàárín wa tí ẹ̀rù ń bà.


Olùkọ́ ìṣirò, Ẹ́ńgílándì:

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2023 ni wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun sílẹ̀ ní Ẹ́ńgílándì fún olùkọ́ láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láti gba QTS, ìwé-ẹ̀rí tó ń fi hàn pé èèyàn jẹ́ olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn olùkọ́ ibí da iṣẹ́ sílẹ̀ lórí owó oṣù, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ilẹ̀kùn. Èmi wà nílé ní Nàìjíríà nígbà náà, mò ń kó ìwé mi jọ. Mo rò ó pé, ibi tí mò ń sá lọ náà, wọ́n ń bínú níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba kéde pé àwọn máa fi 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn.

Nígbà tí mo débí, mi ò rí ìkúnlẹ̀. Ọmọ ọdún 13 á máa lá súìtì, á máa wo ojú mi korokoro, á sì tún sín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ. Ó dùn mí gan-an ní táàmù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tó lè sọ pé mo jẹ ìyá òun lówó. Owó ń wọlé lọ́jọ́ tó yẹ kó wọlé. Tí mo bá bá ọmọ wí, ìwà rẹ̀ nìkan ni a jọ ń sọ. Mo ń sọ èyí nítorí ìtàn oní-gàrí tí ẹ̀gbọ́n wa sọ. Ohun tí ìyẹn fẹ́ kó yé wa ti yé mi pátápátá láti ìgbà tí mo ti wà níbí.


Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí.

Gírédì Tú, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìgbà náà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba fún òṣìṣẹ́, jáde ní 1975, mo ra alùpùpù àti rédíò, mo sì rán bàbá mi ní aṣọ òkè. Ní abúlé tí wọ́n rán mi lọ, èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún wọn, tí mo ń kọ èsì, tí mo ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lásìkò ìkórè, wọ́n á gbé iṣu wá, wọ́n á mú ẹran ìgbẹ́ wá. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé iṣu yẹn ni iyì náà. Kì í ṣe òun. Mo lè ra iṣu. Wọ́n mọ̀ pé mo lè rà á, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀bùn. Lónìí, tí òbí bá gbé iṣu wá fún olùkọ́ tí kò tíì gbowó, àánú ló ń ṣe é, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, tí Àlùfáà Ransome-Kuti, tó padà wá di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún, ìyà tó ń jẹ olùkọ́ wà lára ohun tó kó wọn jọ. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù nígbà tèmi ni ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Oṣù ń lọ, owó ò dé, a sì ń lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà, inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, ṣùgbọ́n àwa àgbà olùkọ́ ń béèrè ta ni yóò máa san ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ọ̀tá ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ bá ń béèrè é.

Òfin 2022 tó ní kí olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65, tàbí kó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó dára fún ẹni tí ara rẹ̀ bá le. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ fẹ̀yìn tì, orúkọ rẹ̀ jáde fún owó gírátúítì lẹ́yìn tí a ti sin ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti gba ìwé kóòtù kí wọ́n tó rí owó náà gbà, ó sì pẹ́, torí ọjọ́ ìbí tó wà nínú fáìlì àtijọ́ kò bá ti ìwé ìbúra rẹ̀ mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ béèrè fún fáìlì yín ní ìsinmi yìí. Ẹ wo orúkọ, bó ṣe wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti bó ṣe wà ní báńkì. Ẹ wo ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ẹ gba iṣẹ́. Ẹ wo orúkọ ẹni tí ẹ kọ sílẹ̀ pé kó gba ẹ̀tọ́ yín. Tí ẹ bá ti gbéyàwó tàbí tí ẹ ti bímọ látìgbà náà, ẹ yí i padà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí.