Re: "eéwo làkúrègbé": ẹ jẹ́ ká fi eéwo sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé.

Mo rí ìméèlì ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ní ká máa pe kókó tó ń yọ lábẹ́ awọ àwọn tó ní làkúrègbé (rheumatoid arthritis, àìsàn tí ara fúnra ẹ̀ ti ń kọjú ìjà sí oríkèé) ní "eéwo làkúrègbé", ká sì pe wàhálà tí àìsàn yìí ń dá sílẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ (vasculitis) ní "òpó ẹ̀jẹ̀ tó gbinnikún". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Eéwo kẹ̀? Ṣebí eéwo máa ń gbóná, á máa ta ni, á lójú, á tú, ọyún á jáde, ara á wá tu ẹni tó ni ín. Kókó tá à ń sọ yìí ò ṣe ìkankan níbẹ̀. Àǹtí mi ní ọ̀kan ní ìgúnpá, kò ju orí àtàǹpàkò ọmọdé lọ, ó le koko, tó o bá fìka tì í á yẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ awọ, kì í sì í dùn wọ́n àfi tí wọ́n bá gbàgbé tí wọ́n fìgúnpá lé tábìlì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí, kò lójú, kò tú. Ẹnì kan gbọ́ pé eéwo ni, ló bá ní òun á fabẹ́rẹ́ gún un, ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n kọ̀, torí tí awọ orí ẹ̀ bá lu, kòkòrò àìsàn lè gbabẹ̀ wọlé, ìgbà yẹn ló máa wá lọ́yún lóòótọ́.

Ní tèmi o, "kókó làkúrègbé". Kókó ara igi ńkọ́, kókó okùn ńkọ́, ta ló ń retí pé kí wọ́n tú ọyún? Nínú èèyàn 100 tó ní àìsàn yìí, bíi 20 sí 30 ló máa ń ní kókó náà, pàápàá àwọn tí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ wọn bá gbé rheumatoid factor jáde (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ara ẹni jà), àtàwọn tó ń mu sìgá. Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín ni pé methotrexate tí dókítà ń fún wọn nítorí oríkèé lè mú kókó kéékèèké yọ síka ọwọ́ ẹlòmíì. Ṣé ti làkúrègbé nìyẹn àbí ti oògùn? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Àbúrò wa tó sọ pé orúkọ "làkúrègbé" nìkan ti fẹ̀ jù, pé orúnkún àgbà tó kàn ti gbó náà là ń pè bẹ́ẹ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ ká kọ "làkúrègbé ara-ń-bára-jà" lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ká wá máa gé e kúrú.

Ó ku ti iṣan. Òpó ni igi tó gbé ilé ró, kò ní ihò nínú, báwo lẹ̀jẹ̀ ṣe fẹ́ gbabẹ̀ kọjá? Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dáa, ṣùgbọ́n ká má gé e sí "iṣan" lásán o, torí ẹni tí oríkèé ń dùn tó bá gbọ́ iṣan, èyí tó so mọ́ eegun ló máa rò. "Gbinnikún" gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọgbẹ́ tí ìdọ̀tí wọ̀ ló ń gbinnikún. Níbí, kòkòrò kankan ò wọlé, ara fúnra ẹ̀ ló kọjú ìjà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ògiri iṣan á wú, ọ̀nà á há, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé awọ dáadáa mọ́, ẹ ó kọ́kọ́ rí àmì dúdú tíntìntín létí èékánná, tó bá wá le, awọ ibi kókósẹ̀ á kú, á degbò. Ẹni tó bá ka "gbinnikún" á sáré lọ ra oògùn apakòkòrò. Egbò yẹn ní tiẹ̀ ò nílò orúkọ tuntun, egbò àdáàjinná ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ "iṣan ẹ̀jẹ̀ wíwú", àmọ́ ohun táwọn èèyàn ń pe iṣan tó yọ gbọọrọ lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo há sí láti àná. Ta ló ní ọ̀rọ̀ kan tó gbé wíwú àti gbígbóná pọ̀, tí ò ní mú ọyún wá séèyàn lọ́kàn?