Ṣé bàbá tó ń gbé ilé lè gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi ló ń lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo ń tọ́jú ọmọ wa ọlọ́dún méjì nílé, mo sì fẹ́ máa gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú fún owó ní England níbí, ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé àwọn ìyá lè má fọkàn tán ọkùnrin.

Èsì: Ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ọmọdé ní England. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò gbọdọ̀ ju 6 lọ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì ka ọmọ tiyín mọ́ ọn.

Èsì: Ọkùnrin lèmi náà. Ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi títí, kò fẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀, àfìgbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà, tó lọ jókòó ti ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wọlé wo gbogbo yàrá.