Ọmọ mi máa pé 26: ṣé òfin New Jersey kò dé ibi iṣẹ́ mi ni?

Ìyá Dámilọ́lá, Irvington
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù tó ń bọ̀ ni Dámilọ́lá máa pé ọdún 26. Ó ní asthma láti kékeré, inhaler kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀. Orí ìnṣọ́ránsì ìlera ibi iṣẹ́ mi ló wà, 26 yẹn ni wọ́n sì máa yọ ọ́. Ẹnì kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi pé 30, ó ní òfin New Jersey ló fàyè gbà á. Mo bá HR wa, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, sọ ọ́, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni?

Bọ̀dá Akin, East Orange
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, mà. HR yín ò parọ́, ọ̀rẹ́ yín náà ò parọ́. Òfin méjì ló wà ńbẹ̀. Ti 26, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, èyí tí Obama bu ọwọ́ lù ní 2010, kò sì yọ ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ kí ọmọ lè dúró títí di 31, New Jersey ló ṣe é fúnra rẹ̀; 2006 ló bẹ̀rẹ̀, 30 ni nígbà yẹn. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ìpínlẹ̀ lágbára lé lórí. Bí agbanisíṣẹ́ yín bá ń fi owó ara rẹ̀ san owó ìtọ́jú yín, tó kàn gba àwọn ìnṣọ́ránsì pé kí wọ́n máa bá a ṣe ìwé, self-funded nìyẹn. ERISA, òfin àpapọ̀ ti 1974 lórí àǹfààní ibi iṣẹ́, kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ káàdì yín jáde, ẹ ka iwájú, ẹ ka ẹ̀yìn.

Ìyá Dámilọ́lá, Irvington
Mo ti yọ ọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní, "self-funded" ló wà ńbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé káàdì yìí kiri! Ẹ̀rù ń bà mí. Ta ló máa gba ọmọ tó ní asthma?

Àǹtí Bùkọ́lá, Newark
Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Láti 2014, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kankan ò gbọ́dọ̀ tìtorí àìsàn tó ti wà lára èèyàn kọ̀ ọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bu owó lé e. Òfin àpapọ̀ tí Obama bu ọwọ́ lù yẹn náà ni. Nígbà tí ẹjọ́ tí Texas pè láti wó òfin yẹn ṣì wà ní kóòtù, àwa níbí ò káwọ́ gbera. Ní January 2020, Gómìnà Murphy bu ọwọ́ lu àwọn òfin tó kọ ààbò wọ̀nyẹn sínú òfin ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀: ti àìsàn àtẹ̀yìnwá, ti ọmọ títí di 26, ti àyẹ̀wò tí a kì í sanwó fún, ti oyún àti ìbímọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ yẹn nù ní 2021, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé a ò dúró dè wọ́n. Bí Washington bá yí tirẹ̀ padà lọ́la, tiwa ṣì wà fún ẹni tó bá ra ìnṣọ́ránsì níbí.

Torí náà, ẹ jẹ́ kó ra tirẹ̀ ní GetCoveredNJ, ọjà ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀. Pípàdánù ìnṣọ́ránsì òbí ṣí ilẹ̀kùn fún un, ọjọ́ 60 péré ni lẹ́yìn tó bá ti parí. Ẹ má dúró dìgbà yẹn o, kó fọ́ọ̀mù sílẹ̀ nísinsìnyí kí àlàfo má baà wà. COBRA náà wà, ìyẹn òfin tó jẹ́ kó lè dúró sórí ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ yín lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́; ó lè lo oṣù 36 lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo owó náà ló máa dá san. Ẹ bi HR bóyá ọjọ́ ìbí gan-an ni wọ́n máa yọ ọ́ tàbí ìparí oṣù. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, Houston
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas, ẹ wo káàdì yín bóyá "TDI" (Texas Department of Insurance) tàbí "DOI" (Department of Insurance) wà lára rẹ̀. Bó bá wà, ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa mú ẹ̀sùn lọ. Ìyá Dámilọ́lá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta health sharing, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dá owó jọ láti fi san owó ìtọ́jú ara wọn, fún ọmọ yẹn o. Mo ṣe é lọ́dún kan torí pé owó rẹ̀ kéré. Ìgbà tí wọ́n gbé ìyàwó mi wọ ọsíbítù, wọ́n ní àìsàn náà ti wà tẹ́lẹ̀, wọn ò san kọ́bọ̀. Kì í ṣe ìnṣọ́ránsì, òfin wọ̀nyí ò dè wọ́n.

Ìyá Dámilọ́lá, Irvington
Ọlọ́run á fún ìyàwó yín ní àlàáfíà. Bùkọ́lá, ṣé owó iṣẹ́ tèmi ni wọ́n máa fi ṣírò iye tó máa san?

Àǹtí Bùkọ́lá, Newark
Rárá, mà, owó iṣẹ́ tirẹ̀ ni, bí ẹ ò bá ti kọ ọ́ mọ́ ara yín nínú ìwé owó orí. Kó mú pay stub, ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀, wá ní Sátidé, a máa jọ kún fọ́ọ̀mù náà.