Kí ni mo lè fi rọ́pò "Hallelujah" nínú fíìmù yìí?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fíìmù kékeré kan ni mò ń tò pọ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ kí "Hallelujah", orin tí olórin ọmọ Kánádà nì, Leonard Cohen, kọ, máa dún níbi tí ìyá kan ti ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ tó kú. Orin náà dùn, mi ò jiyàn. Àmọ́ láti 1984 tó ti jáde, wọ́n ti lò ó nílòkulò: ó wà nínú fíìmù Shrek ní 2001, ó tún wà nínú fíìmù Watchmen ní 2009. Bó bá ti ń dún báyìí, òǹwòran á ti mọ̀ pé ẹkún ni wọ́n ní kí òun sun, ọkàn rẹ̀ á sì kúrò lára ìyá yẹn. Òṣèré náà mà ṣe é dáadáa o! Ṣé kí n yọ orin kúrò pátápátá, kó jẹ́ ìró aṣọ nìkan la ó máa gbọ́? Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ̀gá tí kò fi ní rí i bí àrífín?