Géèmù Mass Effect 3: ṣé kí n wo àwọn krogan sàn ni àbí kí n gbà fún dalatrass?

DejiPad: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti dé ibi tí dalatrass, obìnrin olóṣèlú àgbà àwọn ẹ̀yà salarian, ti pè mí sí kọ̀rọ̀ pé kí n dọ́gbọ́n ba oògùn genophage (àrùn àtọwọ́dá tí kì í jẹ́ kí ọmọ krogan yè) jẹ́, káwọn krogan má mọ̀, òun á wá kó ọmọ ogun fún mi láti bá àwọn Reaper, àwọn ẹ̀rọ tó fẹ́ pa gbogbo ẹ̀yà run, jà. Mo ti pọ́ọ̀sì ẹ̀ látàná. Lóòótọ́ àwọn krogan ya oníjàgídíjàgan, àmọ́ kí ọmọ kan péré máa yè nínú 1,000, ìyẹn náà le jù. Kí lẹ̀yin ṣe níbẹ̀?

Alagba_N7: Àbúrò, wò wọ́n sàn jàre. Ta ló kó krogan kúrò ní Tuchanka tó jẹ́ ayé wọn ná? Salarian náà ni! Àwọn kòkòrò rachni ń pa wọ́n bí ẹní pa eṣinṣin, wọ́n wá lọ kó krogan jáde, wọ́n kọ́ wọn ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ bá àwọn jà, krogan jà ó ṣẹ́gun, ó wá ń bímọ rẹpẹtẹ, ilẹ̀ ò gbà á mọ́, ogun dé, làwọn salarian bá ṣe genophage, àwọn ẹ̀yà turian sì lọ tú u lé wọn lórí. A lo èèyàn tán, ó wá di ẹranko lójú wa.

IyaKrogan: Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ ẹ ẹ̀ bi í pé ta lolórí krogan lọ́dọ̀ tiẹ̀. Bí Wrex, krogan ọ̀rẹ́ wa, bá ti kú sí Virmire ní Mass Effect àkọ́kọ́, Wreav ni, ẹ̀san nìyẹn sì ń wá, kò fi bò rárá. Tó bá tún ti pa ìwádìí oògùn tí Maelon ṣe rẹ́ ní Mass Effect 2, Eve, obìnrin krogan tí wọ́n ń tipasẹ̀ ẹ̀ ṣe oògùn náà, á kú, kò ní sẹ́ni tó máa bá Wreav wí. Níbẹ̀, Mordin, dókítà salarian tó ń ṣe oògùn náà, fúnra ẹ̀ ṣeé bá sọ̀rọ̀ kó fi í sílẹ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, mo rí ọmọ ogun krogan gbà, mo rí ti salarian gbà, Wreav ò mọ nǹkan kan títí géèmù fi parí. Bí irọ́ yẹn ṣe gbè mí ló ń dà mí láàmú.

Sade_K: Èmi ò lè ṣe é o. Ẹ rántí ọsibítù Maelon? Òkú obìnrin krogan kan wà nílẹ̀, ó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún àwọn tó ń wá oògùn torí ọmọ, Mordin tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi wá dúró tì í, ó súre fún un. Òun ló sì tún genophage ṣe kó má bàa dẹwọ́ o! Ẹni tó wá gun òpó Shroud, níbi tí wọ́n ti máa tú oògùn náà sáfẹ́fẹ́, lọ fúnra ẹ̀, tó ń kọrin bí ibẹ̀ ṣe ń gbaná, kí n yìnbọn fún un lẹ́yìn kó má bàa tún oògùn tá a bà jẹ́ ṣe? Èmi tí wọ́n ń fi ọmọ ṣàdúrà fún lójoojúmọ́ 😩

DejiPad: Wrex wà láàyè, Eve náà wà. Tí mo bá ba oògùn yẹn jẹ́, ṣé Wrex máa mọ̀?

Alagba_N7: Á mọ̀. Á wá bá ẹ ní Citadel, ìlú ojú òfúrufú yẹn, tìbọn-tìbọn. Nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa gbé lọ Shroud, tètè sọ fún Wrex ohun tí dalatrass wí.