Eré ìgbà ooru fún ọmọ, tí kò ní gbọ́n àpò gbẹ

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín: Ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ ti gba ọlidé, ooru sì mú. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 4, èkejì 9. Eré wo ni kò náni lówó púpọ̀?

Bàbá Àgbà: Ẹ fẹ́ ìfófò ọṣẹ. Omi ife 6, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ife 1, ṣúgà ṣíbí ńlá 1. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi yọ́ ṣúgà ná. Ẹ rọra rò ó. Bí ó bá ti hó jù, kò ní ṣeé fẹ́ dáadáa. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Okùn òwú tí ẹ so mọ́ igi 2 ló ń fa rògòdò ńlá jáde. Ẹ má ṣe é lọ́sàn-án gangan o, oòrùn á gbẹ ẹ́, á sì bẹ́ kíá. Orí koríko ló dáa. Ilẹ̀ onítáìlì á yọ̀.

Oníkáìtì: Bàbá ti parí ti kékeré. Fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, káìtì, ohun ìṣeré tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò: igi tẹ́ẹ́rẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi igi 50 sẹ̀ǹtímítà dábùú rẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà sí òkè, ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Bó bá ń pòòyì, ìrù rẹ̀ ló kúrú. Ẹ jìnnà sí wáyà iná!

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé glycerin, omi kíki tó máa ń wà nínú ìpara, lè rọ́pò ṣúgà?

Bàbá Àgbà: Ó lè rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀n kan náà.