Acetyl kò lẹ̀ mọ́ alpha-synuclein mi, ó ti sú mi

Ọmọ Lábù: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbà mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń ṣe alpha-synuclein, púrótéènì ènìyàn kan, nínú bakitéríà E. coli pẹ̀lú plasmid (òrùka DNA) tó gbé NatB, ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ acetyl, èròjà kékeré kan, mọ́ iwájú púrótéènì. Mass spec, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo púrótéènì, kò fi 42 dalton ti acetyl hàn. Ọ̀gá mi ń bú mi, fíríìjì tún bàjẹ́. Lórí jẹ́ẹ̀lì pàápàá, 18 kDa (ẹgbẹ̀rún dalton) ló dúró sí dípò 14. Àbí NatB yẹn ni kò dáa?

Ìyá Jẹ́ẹ̀lì: Fọkàn balẹ̀ lórí 18 yẹn. Púrótéènì tí kì í ká jọ, tí ìdí rẹ̀ kún fún ásíìdì, kì í mu SDS, ọṣẹ inú jẹ́ẹ̀lì, tó, ló ṣe ń falẹ̀. Iye wo ni mass spec kà?

Elétò: Ṣé o fi chloramphenicol, oògùn apabakitéríà tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì di plasmid NatB mú, sí i? Láìsí i, plasmid NatB á sá lọ.

Ọmọ Lábù: Mo fi sí i, 25 µg/ml, àti kanamycin 50. Mi ò kì í ṣe ọmọdé.

Elétò: Yẹ codon (lẹ́tà DNA mẹ́ta) Tyr136, ìyẹn tyrosine tó wà ní ipò 136, wò. Tó bá jẹ́ TAC, E. coli a máa fi cysteine, amino acid mìíràn, síbẹ̀ nígbà mìíràn. TAT ló dáa.

Ọ̀gá Kọ́lọ́ǹmù: Ìyẹn á dín 60 dalton kù nínú ìwúwo ni, kò kan acetyl. Kanamycin kẹ̀? pET28a nìyẹn, plasmid tó gbé jìnì synuclein rẹ. Níbo ni tag, àfikún tí a fi ń fa púrótéènì yọ, wà?

Ọmọ Lábù: Iwájú ni tag His wà, ṣùgbọ́n mo ti fi thrombin, ẹ́ńsáìmù tó ń gé púrótéènì, gé e, kò lè jẹ́ òun. 14,741 ni mass spec kà.

Ọ̀gá Kọ́lọ́ǹmù: Òun gan-an ni! Ojúlówó synuclein jẹ́ 14,460. Tó bá gba acetyl, 14,502. 281 tó lé yẹn ni Gly-Ser-His, amino acid mẹ́ta tí thrombin fi sílẹ̀. Orí ribosome, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kọ́ púrótéènì, ni NatB ti ń ṣiṣẹ́, amino acid Met-Asp bíi ti synuclein ló sì ń wá níwájú pátápátá. Met-Gly ti tag ló bá lọ́dọ̀ rẹ. O gé tag nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ìyá Jẹ́ẹ̀lì: Kí lo tiẹ̀ ń fi tag ṣe? Lẹ́yìn tó o bá ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì, se omi rẹ̀ ní 95°C fún 20 ìṣẹ́jú. Púrótéènì bakitéríà á dì, synuclein á wà nínú omi. Ó di kọ́lọ́ǹmù Q, èyí tó ń di púrótéènì ásíìdì mú, ní pH 8. Á jáde ní bíi 300 mM NaCl (iyọ̀). A280 (ìmọ́lẹ̀ tí púrótéènì ń fà mu) á kéré, torí kò ní amino acid tryptophan.

Ọmọ Lábù: Ṣé kí n ra plasmid mìíràn ni?

Ọ̀gá Kọ́lọ́ǹmù: Rárá. Fi NcoI àti XhoI, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, gbé jìnì náà padà sínú pET28a yẹn, láìsí tag iwájú. ATGGAT ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bá CCATGG, ibi tí NcoI ti ń gé, mu wẹ́kú. Kọ́kọ́ wò ó bóyá CCATGG mìíràn wà láàárín jìnì. Kí stop codon (àmì ìparí púrótéènì) ṣáájú XhoI, kí tag ìdí má baà tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ Lábù: Ẹ ṣé o. Ìṣòro kan ló kù: mo ti fún lábù kejì ní ìdajì púrótéènì náà, mo sì kọ "acetyl" sára ìgò.

Ìyá Jẹ́ẹ̀lì: Hẹn-ẹn! Pè wọ́n báyìí.